Igbó Wo Ni Wọ́n Dá Ahun Náà Padà Sí?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Irú ìròyìn kan wà tí kì í pẹ́ kó tó tún jáde. Àwọn aṣọ́bodè dá ọkọ̀ dúró, wọ́n tú àpò, wọ́n bá ahun nínú rẹ̀, wọ́n mú onífàyàwọ́, wọ́n ya fọ́tò. Gbólóhùn tí wọ́n máa fi ń kádìí rẹ̀ ni pé wọ́n ti dá àwọn ẹranko náà padà sínú igbó. Ohun tó mú wa kọ̀wé yìí kò ju ìbéèrè kan lọ: igbó wo?

Inú wa ń dùn sí gbogbo ahun tó bọ́ lọ́wọ́ onífàyàwọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ahun sọ sínú igbó tí kì í ṣe tirẹ̀ ti pa á, bí kò tilẹ̀ fi ọ̀bẹ kàn án. Ẹ̀yà ahun olóríkèé mẹ́ta, àwọn tí ẹ̀yìn igbá wọn lè padé bí ìdérí, ló wà ní sàkáání wa. Kinixys homeana àti Kinixys erosa jẹ́ ti igbó kìjikìji, níbi tí ewé jíjẹrà bo ilẹ̀ tí ilẹ̀ sì tutù láti ọdún dé ọdún. Kinixys nogueyi jẹ́ ti ọ̀dàn, ó mọ bí wọ́n ti ń sá pamọ́ fún ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ gbé homeana lọ sí ọ̀dàn Òkè-Ògùn nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, kí ọyẹ́ máa fẹ́, omi ara rẹ̀ á gbẹ kí òjò àkọ́kọ́ tó dé. Ahun ńlá tí wọ́n ń sìn nínú ọgbà ilé l'Ékòó, Centrochelys sulcata, tó lè gùn ju 80 sẹ̀ǹtímítà lọ, Sàhẹ́lì létí aginjù ni ilé tirẹ̀. Kò sí igbó kan ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá tí ènìyàn lè pè ní ilé rẹ̀.

Èyí tó rọrùn nínú iṣẹ́ náà ni kí á mọ ẹ̀yà. Ojú lásán tó fún un. Ẹ wo ọ̀gangan ọrùn lórí igbá ẹ̀yìn: homeana ní awẹ́ (ọ̀kan nínú àwọn ègé líle tó bo igbá) tín-ín-rín kan níbẹ̀, erosa kì í sábà ní in. Ẹ wá wo ìdí igbá náà láti ẹ̀gbẹ́. Ti homeana já wálẹ̀ ṣánṣán bí ògiri, ti erosa rọra ń dà wálẹ̀. Nogueyi rí roboto, etí igbá rẹ̀ kò rí wángunwàngun bíi tàwọn méjì yòókù, èékánná mẹ́rin ló sì máa ń wà ní ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Sulcata kò ní oríkèé lẹ́yìn rárá. Aṣọ́bodè tó bá lo wákàtí kan láti kọ́ nǹkan mẹ́rin yìí ti gba ọ̀pọ̀ ahun là.

Èyí tó le ni kí á mọ ibi tí ahun kan ti wá nínú ẹ̀yà kan náà. Ọ̀dàn tó gba inú ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò kọjá títí dé etíkun, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Dahomey Gap, ló pín igbó kìjikìji Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí méjì. Homeana wà ní apá Gánà àti Ivory Coast, ó sì wà ní apá Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń kó ahun olóríkèé jáde láti Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sìn wọ́n ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Nígbà tí àpò kan bá wá já bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ní ẹnubodè, orúkọ ẹ̀yà nìkan kò lè sọ apá ibi tó yẹ kí ó padà sí. Ibẹ̀ ni ìwọ̀n ara, bíi gígùn, ìbú àti gíga igbá, ti wúlò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti fojú hàn jù lọ láyé ni àwọn erékùṣù Galápagos ti ilẹ̀ Ecuador. Lọ́dún 1835 tí Charles Darwin, onímọ̀ nípa ẹ̀dá, débẹ̀, Nicholas Lawson tó jẹ́ igbákejì gómìnà sọ fún un pé bí wọ́n bá gbé ahun èyíkéyìí síwájú òun, òun á sọ erékùṣù tó ti wá. Darwin kò kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà sí. Wọ́n kó ahun bí ọgbọ̀n sínú ọkọ̀ Beagle gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ ọ̀nà, wọ́n jẹ wọ́n tán, wọ́n da igbá wọn sínú òkun. Igbá tí ì bá ṣe é wọ̀n láti fi yẹ ọ̀rọ̀ Lawson wò ti bómi lọ.

Òótọ́ ni Lawson sọ. Ní erékùṣù tó gbẹ bíi Española àti Pinzón, etí iwájú igbá ahun gbé sókè bí gàárì ẹṣin, ọrùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn, kí ó lè nàgà mú ewé òkè. Ní òkè tútù Santa Cruz, tàbí lórí òkè Alcedo ní Isabela, koríko wà nílẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Igbá ahun ibẹ̀ rí bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé: ó ga láàárín, ó sì sọ̀ kalẹ̀ níwájú. Ìwọ̀n tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kì í ṣe ìwúwo, kì í sì í ṣe gígùn. Gíga ẹnu ihò ọrùn ni, láti igbá àyà dé etí igbá ẹ̀yìn níwájú, lẹ́yìn tí a bá ti fi gígùn igbá pín in.

Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ìyẹn ṣe. Ahun Floreana ti run ní erékùṣù rẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn tí Darwin lọ. Àwọn onímọ̀ gbà pé àwọn atukọ̀ ti já díẹ̀ nínú wọn sílẹ̀ lẹ́bàá òkè Wolf ní Isabela, tí wọ́n sì bá tibẹ̀ gùn. Lọ́dún 2015, wọ́n gun òkè Wolf, àwọn tí igbá wọn jọ gàárì nìkan ni wọ́n ṣà, wọ́n kó 32 sọ̀kalẹ̀. DNA, àmì ìran tó wà nínú ara ẹ̀dá, fi hàn pé 19 nínú wọn ní ẹ̀jẹ̀ Floreana. Ìrísí ló jẹ́ kí wọ́n lè ṣa díẹ̀ nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ahun tó wà lórí òkè náà. Síbẹ̀, mẹ́tàlá nínú àwọn tí wọ́n ṣà kì í ṣe ọmọ Floreana. Kí ẹnikẹ́ni má gbàgbé mẹ́tàlá yẹn nígbà tó bá ń ka ìyókù lẹ́tà yìí.

Kò pọn dandan kó jẹ́ gbogbo igbá ni ìyàtọ̀ á hàn lára rẹ̀. Ahun Hermann ti ilẹ̀ Yúróòpù jẹ́ oríṣi méjì: ti ìwọ̀-oòrùn wà ní Ítálì, gúúsù Faransé àti Sípéènì, ti ìlà-oòrùn wà ní ilẹ̀ Balkan, ní gúúsù ìlà-oòrùn Yúróòpù. Ìlà méjì péré lórí igbá àyà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wọ̀n: ibi tí awẹ́ àyà méjèèjì ti pàdé, àti ibi tí awẹ́ itan méjèèjì ti pàdé. Bí ti itan bá gùn ju ti àyà lọ, ti ìwọ̀-oòrùn ló jọ. Bí ti àyà bá gùn tàbí tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ti ìlà-oòrùn ni. Ìlà dúdú méjì tó gùn gbọọrọ láìjá lórí igbá àyà tún máa ń gbe ti ìwọ̀-oòrùn lẹ́sẹ̀. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí á wá lára ahun tiwa náà.

Bí a ti ń wọ̀n ọ́n nìyí, nítorí ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti wọlé kí kọ̀ǹpútà tó débẹ̀. Kálípà, ohun ìwọ̀n ẹlẹ́nu méjì tó ń há nǹkan sáàárín, tó gùn ní 300 mìlímítà ló dára. Bí kò bá sí, káfíńtà lè kan igi kan dúró ṣánṣán ní ìkángun pátákó títẹ́jú, kí ó ṣe igi kejì tó ń sún síwá sẹ́yìn, kí ó sì lẹ rúlà irin mọ́ etí pátákó náà. A gbé ahun sáàárín igi méjèèjì, a ka rúlà. Iye tó máa ń jáde níbẹ̀ dára ju ti kálípà oníke tó ti wọ́ lọ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára igbá, nítorí ẹrẹ̀ gbígbẹ nídìí igbá lè fi mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta kún gígùn. Ẹ kọ nọ́ńbà sára tépù, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹ má fi ọ̀dà kùn ún.

Gígùn tààrà ni a ń fẹ́, láti etí iwájú dé etí ẹ̀yìn, kí kálípà dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Tépù télọ̀ tí a gbé gba orí igbá kọjá kì í sọ ohun kan náà: ahun tó gùn ní 200 mìlímítà ní tààrà lè di 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí tépù, bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣe ga tó. Ìwé tí ẹnì kan ti fi tépù wọ̀n, tí ẹlòmíràn ti fi kálípà wọ̀n, tí kò sì sí ẹni tó kọ èyí tó lò, kò wúlò mọ́. Lẹ́yìn gígùn, ẹ wọn ìbú ní agbedeméjì àti ìbú níbi tó ti fẹ̀ jù. Ẹ wọn gíga láti ìsàlẹ̀ igbá àyà dé ibi tó ga jù lẹ́yìn, kí ẹ sì wọn ẹnu ihò ọrùn. Ẹ wá dojú ahun délẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wọn gígùn igbá àyà ní àárín gbùngbùn àti ìlà mẹ́fà tí awẹ́ méjì-méjì ti pàdé lórí rẹ̀, láti ọ̀fun dé ìdí. Ẹ ṣírò àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀. Bí àròpọ̀ wọn bá fi ju mìlímítà méjì yàtọ̀ sí gígùn igbá àyà, ẹnì kan ti ṣì í kà, ẹ tún un wọ̀n. Kí ẹ má fi í sílẹ̀ ní ìdojúdé pẹ́, ẹran inú rẹ̀ ń tẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Oríkèé ni ibi tí ahun tiwa ti máa ń dọ́gbọ́n sí ènìyàn. Bí ẹ bá gbé e, ẹ̀rù bà á, ó fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọlé, ó sì pa ìdí igbá dé. Ẹ máa rí i bí ìdí igbá náà ti ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí etí rẹ̀ fi kan igbá àyà. Lẹ́sẹ̀ kan náà gígùn rẹ̀ ti dín kù, gíga ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti yí padà. Bí wọ́n bá wọn ahun Ìjẹ̀bú nígbà tó padé, tí wọ́n wọn ti Gánà nígbà tó ṣí, ìyàtọ̀ á jáde lórí ìwé tí kò sí nínú igbó. Ìlànà tiwa ni pé kí ẹ gbé e sórí pátákó níbi tí kò sí ariwo, kí ẹ bo orí rẹ̀, kí ẹ dúró títí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á fi jáde. Bí ó bá kọ̀ láti ṣí, kí ẹ kọ "ó padé" sí ẹ̀gbẹ́ iye náà. Ẹ má fi agbára ṣí i, oríkèé náà lè ya.

Kí ẹnì kan náà wọn gbogbo ahun, kí ẹnì kejì dì í mú, kí ẹnì kẹta máa kọ ọ́. Lẹ́yìn wákàtí kan, kí ẹni tó wọ̀n wọ́n tún wọ̀n wọ́n láìwo ìwé àkọ́kọ́. Ìwọ̀n tí ọwọ́ ẹnì kan náà kò lè sọ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì kò lè ya igbó méjì sọ́tọ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ìwúwo ṣe pàtàkì fún ìlera, ṣùgbọ́n kò sí nínú iṣẹ́ yìí: ahun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi tán ti wúwo ju bó ṣe wà láàárọ̀ lọ.

Fọ́tò náà dára, pàápàá bí a bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà tọ́ka sí ibi tí awẹ́ ti pàdé ara wọn. Kí fóònù jìnnà tó mítà kan, kí ó wà ní ọ̀gangan àárín igbá. Fóònù tó súnmọ́ jù ń mú kí iwájú tóbi, kí ẹ̀yìn kéré. Rúlà gbọ́dọ̀ wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú etí igbá. Bí ó bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó jìnnà sí fóònù ju igbá lọ, irọ́ ló sì máa pa.

Iye tó wà lọ́wọ́ kò tíì sọ nǹkan. Ahun tó tóbi ní ìbú tó pọ̀, ẹni gbogbo mọ̀ bẹ́ẹ̀. A máa ń fi gígùn pín ìbú: ìbú 140 nínú gígùn 200 jẹ́ 0.70. Ṣùgbọ́n ìpín yìí náà ń yí padà bí ahun ti ń dàgbà, ọmọ ahun kò ní ìrísí ìyá rẹ̀. Fún ìdí èyí, àgbà ni kí ẹ fi wé àgbà, akọ ni kí ẹ fi wé akọ. Akọ ni ìrù rẹ̀ gùn tó nípọn, tí igbá àyà rẹ̀ sì jin wọ inú. Ẹni tó bá da akọ igbó kan pọ̀ mọ́ abo igbó kejì, ìyàtọ̀ akọ àti abo ló máa pè ní ìyàtọ̀ igbó.

Kọ̀ǹpútà á wá gba iye àwọn ahun tí a mọ igbó wọn dájú, á wá àpapọ̀ ìwọ̀n tó yà wọ́n sọ́tọ̀ jù, á sì fi ahun àpò náà sínú ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀tàn méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, bí ẹ bá wọn nǹkan mẹ́wàá lára ahun mẹ́jọ, kọ̀ǹpútà á rí ìyàtọ̀, ìbáà jẹ́ inú igbó kan náà ni gbogbo wọn ti wá. A kì í fẹ́ kí àgbà akọ tàbí abo láti ibì kan dín ní ọgbọ̀n. Kí ẹ sì dán an wò: ẹ yọ ahun kan tí ẹ mọ ilé rẹ̀ kúrò, ẹ fi ìyókù kọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ ní kó sọ ibi tí ti ọ̀hún ti wá, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ṣì í mọ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta, ẹ má gbé ahun kankan lọ sí igbó nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kejì burú jù. Kọ̀ǹpútà kò lè sọ pé "kò sí nínú gbogbo wọn". Bí igbó mẹ́ta ni ẹ fún un, á mú ọ̀kan nínú mẹ́ta, bí ahun náà tilẹ̀ ti Kamẹrúùnù wá tí Kamẹrúùnù kò sì sí nínú ìwé. Ẹ gbọ́dọ̀ wo bí ahun náà ti jìnnà tó sí àárín ẹgbẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi í sí.

Ilé tí wọ́n ti sin ahun tún ń ba ìrísí rẹ̀ jẹ́. Ọmọ ahun tí wọ́n sìn níbi gbígbẹ, tó sì dàgbà kíákíá jù, awẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ga sókè ṣóńṣó-ṣóńṣó, gíga rẹ̀ kì í ṣe ti ìran rẹ̀ mọ́. Ní Seychelles, àwọn erékùṣù inú Òkun Íńdíà, wọ́n rí àwọn ahun ọgbà tí ìrísí wọn ṣàjèjì ní àwọn ọdún 1990, àwọn kan sì sọ pé ẹ̀yà tí wọ́n rò pé ó ti run ni. DNA kò yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ahun Aldabra, erékùṣù kan ní Seychelles kan náà. Lọ́dún 2001, wọ́n fi ìwọ̀n ara sọ ahun aginjù Negev ní Ísírẹ́lì di ẹ̀yà tuntun, Testudo werneri. Nígbà tí wọ́n yẹ DNA wò, kò yàtọ̀ sí ahun Íjíbítì. Fernanda, abo ahun tí wọ́n rí ní Fernandina, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Galápagos, lọ́dún 2019, kò jọ akọ kan ṣoṣo tí wọ́n ti rí níbẹ̀ lọ́dún 1906, nítorí pé kò dàgbà bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá fi ìrísí nìkan dájọ́ ì bá lé e kúrò nílé baba rẹ̀. DNA ló fi hàn lọ́dún 2022 pé ọmọ ibẹ̀ ni. Ìwọ̀n ló yẹ kí ó sọ ẹni tí a ó gba DNA rẹ̀, níwọ̀n bí a kò ti lè ṣe ti gbogbo àpò. Kò yẹ kí ó dá ẹjọ́ náà.

Ìwọ̀n kan náà wúlò níbi ìwé àṣẹ. Lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, lẹ́tà W túmọ̀ sí pé inú igbó ni wọ́n ti mú ẹranko, C sì ni èyí tí wọ́n bí lọ́gbà láti ọ̀dọ̀ òbí tó wà lọ́gbà. R ni èyí tí wọ́n kó ní kékeré tàbí ní ẹyin láti inú igbó, tí wọ́n wá tọ́ dàgbà. Bí ìwé bá kọ R, tí ẹ ṣí àpótí tí ẹ bá àgbà tí igbá wọn ti dán nítorí ọjọ́ orí, tí àpá iná oko wà lára wọn, tí eégbọn so mọ́ itan wọn, tí gígùn wọn sì yàtọ̀ síra láti 120 dé 200 mìlímítà, ìwé náà kò bá ẹranko mu. Ahun tí wọ́n jọ tọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kù ni ìwé ìwọ̀n igbó kọ̀ọ̀kan. Láìsí i, kò sí ohun tí a ó fi ahun àpò wé. Àwọn tó ń ṣọ́ igbó ọba lè bẹ̀rẹ̀: wọ́n ń bá ahun pàdé lójú ọ̀nà lásìkò òjò, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó láti wọn ọ̀kan kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti bá a. Igbá tó wà lórí àtẹ àwọn lẹ́kúlẹ́ja náà wúlò, bí oníṣòwò bá mọ ìlú tí ọdẹ rẹ̀ ti wá. Ẹ kàn rántí pé awẹ́ òde máa ń ṣí kúrò lára igbá gbígbẹ, ìlà orí egungun tó sì wà lábẹ́ rẹ̀ kò sí ní ojú kan náà pẹ̀lú ìlà awẹ́. Kí ẹ kọ èyí tí ẹ wọ̀n.

Ẹ̀yin olóòtú, nígbà tí irú ìròyìn yìí bá tún dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa bi wọ́n: ẹ̀yà wo ni, mélòó, ta ló wọ̀n wọ́n, igbó wo sì ni? Bí wọ́n kò bá tíì mọ̀, kí wọ́n má tú wọn sílẹ̀. Kí wọ́n ya ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí wọ́n má kó ti àpò kan pọ̀ mọ́ ti òmíràn nítorí àrùn imú tó ń ràn, kí wọ́n tẹ́ ewé tútù fún àwọn ti igbó kìjikìji, kí omi inú àwo pẹrẹsẹ wà nítòsí wọn, kí wọ́n sì fi ẹni tó ní kálípà ránṣẹ́ síbẹ̀.

Àwa ni tiyín,
Àwa tí à ń wọn ahun